Kòkòrò Tí Ń Jẹ Ẹ̀fọ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ni ó wà. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yìí lẹ́nu ìyá mi àgbà, mo sì ti fi í kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní kíláàsì láìmọye ìgbà. N kò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí òwe náà yóò dìde dúró níwájú mi nínú ọ́fíìsì mi, tí yóò sì bi mí léèrè pé: ìwọ olùkọ́ yìí, ìdí ẹ̀fọ́ wo ni o ti wò rí? Ìtàn bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ ni mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka yìí. Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni, ṣùgbọ́n kí ìyẹn má ṣe bà yín lẹ́rù. Ẹni tí ó bá ti lè fi àmì ohùn sí orúkọ ara rẹ̀ yóò lè bá mi dé òpin ọ̀rọ̀ náà.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, ìdánwò ìparí sáà ti kásẹ̀ nílẹ̀, mo sì jókòó ti máàkì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì nínú ẹ̀kọ́ fonọ́lọ́jì. Àwọn 73 ni wọ́n. Ìwé méjì ni mo ní lórí kọ̀ǹpútà. Ọ̀kan ni ìwé orúkọ, tí èmi fúnra mi tẹ̀. Èkejì ni ìwé máàkì, tí akọ̀wé tẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, tí ó sì fi fùláàṣì kó wá fún mi. Mo ní ètò kékeré kan tí ń so irú ìwé méjì bẹ́ẹ̀ pọ̀. Yóò mú orúkọ kan láti inú ìwé kìn-ín-ní, yóò wá irú rẹ̀ kàn nínú ìwé kejì, yóò sì gbé máàkì tí ó bá níbẹ̀ wá síwájú orúkọ náà. Orúkọ tí kò bá rí, òdo ni yóò kọ síwájú rẹ̀. Iṣẹ́ tí ìbá gbà mí ní ọjọ́ méjì gbáko, ìṣẹ́jú kan kò pé tí ó fi parí rẹ̀. Inú mi dùn. Mo tẹ èsì náà jáde, mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó ìkéde.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an ni akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan kan ìlẹ̀kùn mi. N kò ní dárúkọ rẹ̀ níhìn-ín. Ó tó kí n sọ pé ọ tí ó gba àmì ohùn òkè wà nínú orúkọ náà ní ibi méjì, àti pé kì í kọ ọ́ láìfi àmì sí i, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kọ́ wọn. Ó kúnlẹ̀ kí mi.

"Ẹ jọ̀wọ́, sà, òdo ni mo rí níwájú orúkọ mi. Mo sì ṣe ìdánwò náà, sà."

Mo yíjú sí kọ̀ǹpútà. Òdo ni èmi náà rí. Mo wá sọ ọ̀rọ̀ kan tí ó ń dùn mí títí di òní. Mo ní, "Ọmọ mi, ẹ̀rọ kì í purọ́. Ènìyàn ni í purọ́."

Ó dìde, ó lọ. Ní ọjọ́ kejì ó tún padà wá, mo sì tún dá a lóhùn bákan náà, mo tilẹ̀ fi kún un pé kí ó má ṣe dà mí láàmú mọ́. Ní ọjọ́ kẹta kò wọlé wá. Ìta ọ́fíìsì ni ó dúró sí láti àárọ̀ títí iṣẹ́ fi parí, kò sunkún, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Bí òdo náà bá dúró, yóò tún ẹ̀kọ́ náà ṣe, yóò sì fi ọdún kan gbáko pẹ́ sí i kí ó tó gba ìwé-ẹ̀rí NCE. Gbogbo wa ni a mọ ohun tí ọdún kan ń ná òbí. Nígbà tí mo ń lọ sílé, tí mo sì tún rí i níbi tí ó dúró sí, ara mi kò gbà á mọ́.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà ni mo ṣí ìwé máàkì tí akọ̀wé tẹ̀, mo sì ń fi ojú ara mi kà á lọ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Orúkọ ọmọ náà wà níbẹ̀. Máàkì 64 ni ó wà níwájú rẹ̀. Mo gbé ìwé orúkọ tèmi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo sì fi orúkọ méjèèjì wé ara wọn ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan àti àmì kọ̀ọ̀kan. Kò sí ìyàtọ̀ bí ó ti wù kí ó kéré mọ. Mo ní kí ètò náà wá orúkọ náà. Ó ní kò sí. Mo fi ìka tọ́ ọ lójú ẹ̀rọ: ó wà níbẹ̀. Mo tún ní kí ó wá a. Ó ní kò sí. Ẹ̀rọ tí mo ní kì í purọ́ ni ó jókòó níwájú mi tí ó ń sọ pé ohun tí ojú mi rí kò sí.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, mo lọ gba ìwé ìdáhùn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jáde. Tirẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú 64 tí èmi fúnra mi fi bírò pupa kọ sí i. Mo wá yẹ gbogbo àwọn tí òdo bá wò. Ẹni mẹ́rin mìíràn wà tí ọ̀rọ̀ wọn rí bẹ́ẹ̀ gan-an, tí wọn kò sì wá bá mi rárá. Nígbà tí mo pè wọ́n, wọ́n ní àwọn rò pé àwọn ti féèlì ni. Ẹ ò rí i pé ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ohun tí ó sì dùn mí jù ni pé àwọn márùn-ún yìí ni wọ́n gbọ́ràn sí mi lẹ́nu jù lọ. Àwọn tí kò fi àmì kankan sí orúkọ wọn ni ẹ̀rọ rí. Àwọn tí ó kọ orúkọ wọn bí ó ti tọ́ ni ó sọ nù.

Mo tún máàkì wọn ṣe ní ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n iṣu ata yán-an yán-an ṣì wà nídìí ọ̀rọ̀ náà: kí ni ó fà á? Mo gbé kọ̀ǹpútà mi lọ sọ́dọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó jẹ́ olùkọ́ ní Ẹ̀ka Ìmọ̀ Kọ̀ǹpútà. Ó wò ó títí, ó sì rẹ́rìn-ín. "Sà," ni ó wí, "ẹ̀rọ kò mọ lẹ́tà. Nọ́ńbà ni ó mọ̀."

Ó ṣàlàyé pé ìlànà kan wà tí a ń pè ní Unicode, tí ó fún lẹ́tà gbogbo èdè ayé ní nọ́ńbà. Ọ wa tí ó ní àmì lábẹ́ ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ó tí ó ní àmì òkè lórí ní nọ́ńbà tirẹ̀. Àmì abẹ́ lẹ́tà fúnra rẹ̀ ní nọ́ńbà, àmì òkè náà sì ní. Ṣùgbọ́n kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo fún ọ́ tí ó gba àmì méjèèjì pọ̀. Nítorí náà, àkànpọ̀ ni a máa ń fi í ṣe. Ẹnì kan lè mú ọ, kí ó wá fi àmì òkè lé e lórí. Ẹlòmíràn lè mú ó, kí ó wá fi àmì sí abẹ́ rẹ̀. Bí a ti to bọ́tìnnì ìtẹ̀wé sórí kọ̀ǹpútà tèmi yàtọ̀ sí bí a ti tò ó sórí ti akọ̀wé. Èmi gba ọ̀nà kìn-ín-ní, akọ̀wé gba ọ̀nà kejì. Ó dà bí ọkùnrin méjì tí ń múra òde: ọ̀kan dé fìlà kí ó tó wọ bàtà, èkejì wọ bàtà kí ó tó dé fìlà. Nígbà tí wọ́n bá jáde, ta ni yóò mọ ìyàtọ̀? Unicode fúnra rẹ̀ sọ pé ọ̀kan náà ni wọ́n, ó sì là á sílẹ̀ bí a ṣe lè to àwọn méjèèjì sí ọ̀nà kan ṣoṣo kí a tó fi wọ́n wé ara wọn. Ohun tí ètò tí mo ń lò kò ṣe nìyẹn. Nọ́ńbà ni ó ń kà. Bí nọ́ńbà kò bá ti bára mu, a ní ènìyàn kò sí.

Wàyí o, ètò yìí wà lára Debian tí ó wà lórí kọ̀ǹpútà mi, ó sì yẹ kí n sọ díẹ̀ nípa rẹ̀. Ní ọdún 1991, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Yunifásítì Helsinki ní ilẹ̀ Fínlándì, Linus Torvalds, bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí ó jẹ́ ọkàn kọ̀ǹpútà, tí a wá ń pè ní Linux. Ó gbé e sí gbangba kí gbogbo ènìyàn lè wo inú rẹ̀ kí wọ́n sì tún un ṣe. Ṣùgbọ́n ọkàn nìkan kò lè dá rìn. Ó ń fẹ́ ọwọ́, ẹsẹ̀ àti ojú. Àwọn tí ń kó ọkàn náà àti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ètò mìíràn jọ, tí wọ́n ń dán wọn wò pọ̀, tí wọ́n sì ń gbé wọn fún wa gẹ́gẹ́ bí odindi, ni irú ẹgbẹ́ Debian. Ian Murdock, akẹ́kọ̀ọ́ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni ó dá a sílẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 1993, ó sì kan orúkọ Debra, àfẹ́sọ́nà rẹ̀ nígbà náà, mọ́ Ian tirẹ̀ láti fi sọ ọ́ lórúkọ. Àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ náà wà káàkiri ayé, ọ̀fẹ́ sì ni wọ́n ń fún ènìyàn. Nígbà tí ẹ̀dà kejìlá jáde ní 10 oṣù kẹfà ọdún 2023, àkópọ̀ ètò tí ó wà nínú rẹ̀ ju 64,000 lọ. Níbi tí ẹrù pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ta ni yóò sọ pé kòkòrò kò ní sí nínú rẹ̀?

Kòkòrò náà ni àwọn Òyìnbó gan-an ń pe àrùn inú ètò. Orúkọ náà ti pẹ́. Edison ti lò ó fún àbùkù inú ẹ̀rọ nínú lẹ́tà tí ó kọ ní ọdún 1878. Ṣùgbọ́n ní 9 oṣù kẹsàn-án ọdún 1947, kòkòrò gidi ni àwọn tí ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà ńlá kan ní Harvard bá nínú ẹ̀rọ náà. Labalábá òru ni. Wọ́n yọ ọ́, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́ wọn, wọ́n sì kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ sí i lábẹ́. Ohun tí ó wù mí nínú ìtàn náà kì í ṣe labalábá. Ó wù mí pé wọn kò jù ú nù kí wọ́n dákẹ́. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ níbi tí gbogbo ènìyàn ti lè rí i.

Ìwà yìí ni Debian sọ di òfin. Láti ọdún 1994 ni wọ́n ti ní ìwé ńlá kan lórí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń kọ gbogbo àrùn ètò sí. Ẹnikẹ́ni ní ayé lè fi lẹ́tà sọ èyí tí ó bá rí. Yóò gba nọ́ńbà, kò sì ní parẹ́ mọ́. Nọ́ńbà náà ti kọjá mílíọ̀nù kan báyìí. Ní ọdún 1997, nígbà tí wọ́n bá àwọn tí ń lo ètò wọn dá májẹ̀mú, ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n ṣèlérí ni pé àwọn kò ní fi ìṣòro pamọ́. Ìwé gbogbo ẹjọ́ wà ní gbangba: ẹni tí ó fẹ̀sùn kàn, ẹni tí ó dáhùn, ohun tí wọ́n sọ fún ara wọn, àti ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ parí.

Èmi náà jókòó, mo kọ ìwé sí wọn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bi mí léèrè nọ́ńbà rẹ̀, nítorí ojú ń tì mí. Bí ẹni tí ń kọ̀wé sí kóòtù ni mo ṣe kọ ọ́. Mo ní ètò yín kò dára. Mo ní ó fẹ́ ba ayé ọmọ ọlọ́mọ jẹ́. Mo ní ó hàn gbangba pé ẹni tí ó ṣe é kò ka èdè Yorùbá sí èdè. Ojú ìwé méjì ni, kò sì sí ìlà kan nínú rẹ̀ tí ó sọ ohun tí mo tẹ̀ gan-an. Ìpele méje ni Debian pín àrùn ètò sí, mo sì fi tèmi sí ìpele kejì láti òkè.

Ní ọjọ́ kejì, èsì dé láti ọwọ́ alábòójútó ètò náà, ẹni tí n kò rí rí. Kò bínú. Ó kí mi, ó ní ó dùn òun pé ọ̀rọ̀ náà kó bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ó sì bi mí ní ìbéèrè mẹ́ta: Ẹ̀dà wo ni ẹ ń lò? Kí ni ẹ ṣe gan-an, láti ìbẹ̀rẹ̀? Kí ni ẹ retí, kí sì ni ẹ rí? Lẹ́yìn náà ni ó sọ ẹ̀sùn mi kalẹ̀ láti ìpele kejì sí ìkẹrin.

Ìyẹn ni ó kọ́kọ́ bí mi nínú. Ṣùgbọ́n mo lọ ka ohun tí ìpele kọ̀ọ̀kan dúró fún. Mẹ́ta àkọ́kọ́ ni ti àwọn àrùn tí ó lè dá ẹ̀dà tuntun dúró kí ó má jáde: èyí tí ó ń ba odindi ẹ̀rọ jẹ́ tàbí tí ó ń ṣílẹ̀kùn fún olè, èyí tí ó sọ ètò di aláìwúlò tàbí tí ó ń pa ìwé oníwé rẹ́, àti èyí tí ó rú òfin ẹgbẹ́ náà gidigidi. Ìkẹrin ni ti àrùn tí ó ń ni àwọn kan lára púpọ̀, ṣùgbọ́n tí àwọn yòókù ṣì lè lo ètò náà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni èyí tí ó wọ́pọ̀ àti èyí tí ó kéré. Ìkeje kì í ṣe àrùn rárá, ẹ̀bẹ̀ lásán ni. Mo rí i pé òótọ́ ni alábòójútó náà sọ. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ kí a máa pa làpálàpá. Bí olúkúlùkù bá sì ń pe làpálàpá tirẹ̀ ní ẹ̀tẹ̀, ojú kò ní tó ẹlẹ́tẹ̀ mọ́.

Nígbà tí mo wá padà sí ìbéèrè mẹ́ta náà, ọwọ́ mi dúró. Mo rántí ọmọ tí ó kúnlẹ̀ níwájú mi. Òun náà mú ẹ̀sùn wá. Bí mo bá ti bi í pé, kí ni o ṣe, níbo ni o jókòó sí, kí ni o retí, kí ni o rí, ọ̀rọ̀ náà ìbá ti parí ní ọ̀sán ọjọ́ kìn-ín-ní. Ẹni tí kò mọ̀ mí rí, tí mo fi ẹnu gún lọ́bẹ, ni ó fi sùúrù bi mí léèrè. Èmi tí mo mọ ọmọ náà fún ọdún kan ààbọ̀ ni mo ní ẹ̀rọ kì í purọ́.

Mo tún ìwé mi kọ. Ìmọ̀ràn tí wọ́n fún mi ni pé kí n gé ọ̀rọ̀ náà kúrú títí yóò fi ku ohun tí kò ṣeé gé mọ́. Mo pín orúkọ 73 sí méjì, mo dán ìdajì wò. Mo tún pín ìdajì náà. Nígbà tí ó yá, ó ku orúkọ kan. Mo ń yọ lẹ́tà kúrò lára orúkọ náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí ó fi ku lẹ́tà kan ṣoṣo: ọ́ nínú ìwé kan, ọ́ nínú ìwé kejì. Ìwé méjì, lẹ́tà méjì, àti ìlà kan tí mo fi sọ pé: mo retí kí ètò yìí rí i, ó ní kò sí. Mo fi ránṣẹ́. Gbogbo ariwo ojú ìwé méjì ti di ohun tí a lè fi ọwọ́ kan gbé.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà ni èsì dé. Ó ní òun ti ṣe bí mo ti ṣe lórí kọ̀ǹpútà tòun, òun sì ti rí i. N kò lè ṣàlàyé bí ọ̀rọ̀ kékeré náà ti rí lára mi. Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá rí ti rí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí wa. Ó sì tún wá ìwé kan jáde láti inú àkójọ ẹ̀sùn, èyí tí ẹnì kan tí ń kọ èdè Vietnam ti kọ ní ọdún méjì ṣáájú. Àwọn náà máa ń fi àmì sí òkè àti abẹ́ lẹ́tà. Àìsí àpẹẹrẹ nínú ìwé náà ni kò jẹ́ kí wọ́n rí ìdí rẹ̀. Wọ́n so ẹ̀sùn méjèèjì pọ̀ di ọ̀kan. Ohun tí ń ṣe Àbọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ní ń ṣe.

Bí a ti rí ìdí àrùn ni ọ̀rẹ́ mi ọ̀dọ́mọkùnrin ti sáré ṣe oògùn. Ó kọ ìlà díẹ̀ tí yóò bọ́ gbogbo àmì kúrò lára lẹ́tà kí ètò tó fi orúkọ wé ara wọn. A dán an wò, àwọn márùn-ún jáde kedere. A fi ránṣẹ́ pẹ̀lú ayọ̀. Alábòójútó dúpẹ́, ó sì bèèrè pé: nínú èdè yín, ǹjẹ́ orúkọ méjì tí ó yàtọ̀ kò ní di ọ̀kan bí ẹ bá bọ́ àmì wọn?

Mo wo ọ̀dọ́mọkùnrin náà, òun náà wò mí. Èmi tí ń kọ́ ọmọ ní ọkọ tí ó fẹ́ ìyàwó, ọkọ́ tí a fi ń roko, ọkọ̀ tí a ń wọ̀ àti ọ̀kọ̀ tí a fi ń jagun! Bí a bá bọ́ àmì wọn, gbogbo wọn di oko, tí ó sì tún jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. A fẹ́ wá akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún tí ó sọ nù, a sì fẹ́ gbé máàkì ẹnì kan fún ẹlòmíràn. Oògùn wa ìbá burú ju àrùn lọ, nítorí òdo máa ń jẹ́ kí olóhun kígbe, ṣùgbọ́n ta ni í kígbe nígbà tí a bá fún un ní máàkì tí ó ju tirẹ̀ lọ?

Debian ti rí irú oògùn bẹ́ẹ̀ rí, kò sì gbàgbé. Ní ọdún 2006, ọ̀kan nínú àwọn alábòójútó wọn rí i pé irinṣẹ́ tí a fi ń yẹ ètò wò ń kígbe nítorí ìlà méjì kan nínú OpenSSL, ètò tí ń rọ kọ́kọ́rọ́ àṣírí fún kọ̀ǹpútà. Ó béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ó rò pé wọ́n mọ̀. Kò sí ẹni tí ó rí ewu níbẹ̀. Ó mú ìlà náà kúrò, igbe sì dákẹ́. Wọn kò mọ̀ pé ibẹ̀ ni ètò náà ti ń rí àdììtú tí ó fi ń rọ kọ́kọ́rọ́. Kọ́kọ́rọ́ tí ó yẹ kí iye rẹ̀ pọ̀ ju iyanrìn etí òkun lọ wá di 32,768 péré fún oríṣi kọ̀ọ̀kan, olè sì lè dán gbogbo wọn wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Luciano Bello ni ó rí i. Ní 13 oṣù karùn-ún ọdún 2008, Debian kéde rẹ̀ fún gbogbo ayé, wọ́n sì ní kí ẹnikẹ́ni tí ó bá ti rọ kọ́kọ́rọ́ lórí ètò wọn láàárín àkókò náà sọ ọ́ nù kí ó rọ òmíràn. Ìtìjú ńlá ni. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti fi ìtìjú bò ó mọ́lẹ̀, ilẹ̀kùn ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ìbá ṣì wà ní ṣíṣí.

A kó oògùn tiwa padà. Alábòójútó àti ẹni tí ó kọ́kọ́ ṣe ètò náà jọ ṣe èyí tí ó tọ́: kí ètò to nọ́ńbà inú orúkọ méjèèjì sí ọ̀nà kan náà gẹ́gẹ́ bí Unicode ti là á sílẹ̀, láìyọ àmì kankan, kí ó tó fi wọ́n wé ara wọn. Iṣẹ́ náà kò ju ìlà mẹ́fà lọ. Wọ́n pa ẹ̀sùn náà dé ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023. Wọ́n tún ṣe ohun kan tí n kò béèrè. Wọ́n fi ìdánwò kan sínú ètò náà, tí ẹ̀rọ yóò máa ṣe fúnra rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí a bá tún ètò náà kàn, kí àrùn yẹn má bàa yọ́ padà wọlé. Lẹ́tà tí wọ́n fi ṣe ìdánwò náà ni ọ́ méjì tí mo fi ránṣẹ́, tí mo yọ jáde lára orúkọ akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan ní Òkè Ọya níhìn-ín.

Ó lè dà bí ohun kékeré lójú ẹlòmíràn. Èmi ti kọ́ láti má ṣe fojú tẹ́ńbẹ́lú ohun kékeré. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, ọ̀gbẹ́ni kan tí ń jẹ́ Andres Freund ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ lórí ẹ̀dà Debian tí a ṣì ń dán wò. Ó ṣàkíyèsí pé wíwọlé sínú kọ̀ǹpútà láti òkèèrè ń fi bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ta ni nínú wa ni ìyẹn yóò dà láàmú? Òun kò fi í sílẹ̀. Ó tọ ipasẹ̀ rẹ̀ títí ó fi dé inú ètò kan tí ń jẹ́ xz, níbi tí ẹnì kan tí ó ti bá àwọn oníṣẹ́ ètò náà ṣiṣẹ́ fún ohun tí ó ju ọdún méjì lọ ti mọ̀ọ́mọ̀ kọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn pamọ́ sí. Ní 29 oṣù náà ni ó kéde rẹ̀, kò sì tíì dé ẹ̀dà tí Debian fi lé gbogbo ènìyàn lọ́wọ́. Ìdí ẹ̀fọ́ ni ó wò.

Nígbà tí iṣẹ́ wa parí, mo pe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì jọ. Mo sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn márùn-ún níwájú gbogbo kíláàsì, nítorí pé níwájú gbogbo ènìyàn ni mo ti lẹ òdo wọn mọ́ pátákó. Ọ̀pọ̀ nínú wọn bojú wolẹ̀. Wọn kò rí olùkọ́ kí ó ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ọmọ tí ó dúró níta ọ́fíìsì mi ní, "Ẹ má ṣe dá ara yín lẹ́bi jù, sà. Ẹ ṣeun tí ẹ padà wò ó." Ó ti gba ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ báyìí.

Ìwé ìbínú ojú ìwé méjì tí mo kọ sí Debian ṣì wà níbẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ kà á, nítorí wọn kì í pa nǹkan rẹ́. Nígbà kan mo fẹ́ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n yọ ọ́. N kò bẹ̀ wọ́n mọ́. Mo ra ìwé àkọsílẹ̀ kan, ó wà lórí tábìlì mi. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá mú ẹ̀sùn wá, yóò gba nọ́ńbà, èmi yóò sì kọ ìdáhùn rẹ̀ sí ìbéèrè mẹ́ta náà sílẹ̀ kí n tó sọ ọ̀rọ̀ kankan: kí ni o ṣe, kí ni o retí, kí ni o rí? Lẹ́yìn náà ni a ó jọ lọ wo ìdí ẹ̀fọ́. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ má ṣe dákẹ́. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi olùkọ́, ilẹ̀kùn mi wà ní ṣíṣí fún ẹni tí ó bá fẹ́ wo ìwé náà. Ẹ̀sùn kejìdínlógójì ni mo kọ sínú rẹ̀ ní àná, àṣìṣe tèmi sì ni ó jẹ́.